Èdè-Ìperí fún Ipá Afẹ́fẹ́ nínú Ìtọ́jú Ìdíná Èémí Lójú Oorun

1. Ìfáárà

Nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó wà ní Ìkòròdú, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, irinṣẹ́ ni afẹ́fẹ́ jẹ́. Ẹ̀rọ tí ń ki afẹ́fẹ́ pọ̀ sínú àgbá irin ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Họ́ọ̀sì ni ó ń gbé afẹ́fẹ́ náà dé ìdí ẹ̀rọ mìíràn, òṣìṣẹ́ a sì kọ́kọ́ wo gééjì kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Lẹ́yìn ògiri ọgbà, lẹ́bàá títì, irú afẹ́fẹ́ kan náà ni fọkanáísà fi ń fẹ́ táyà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àyálò náà, pírẹ́ṣọ̀, kì í ṣe àjèjì sí òṣìṣẹ́ ibẹ̀. 'Pírẹ́ṣọ̀ ti wálẹ̀', 'pírẹ́ṣọ̀ ti pọ̀ jù': gbólóhùn ojoojúmọ́ ni wọ́n.

Ká ní dókítà wá sọ fún ọ̀kan nínú irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pé èémí rẹ̀ ń dí lójú oorun, tí ó fún un ní ẹ̀rọ kékeré kan tí yóò máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nímú lóru, tí ó sì fi kún un pé, 'Pírẹ́ṣọ̀ tìrẹ jẹ́ 10.' Kí ni ẹni náà yóò gbọ́? Bí ọkàn rẹ̀ bá lọ sí ibi iṣẹ́, 10 lórí gééjì kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbé sí imú. Bí ó bá rántí ilé ìwòsàn, ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀ ríru ni pírẹ́ṣọ̀ ń jẹ́ níbẹ̀, yóò sì máa ṣe kàyéfì bí ẹni tí pírẹ́ṣọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10 ṣe lè wà láàyè. Bí kò bá ro èyíkéyìí nínú méjèèjì, yóò gbà pé agbára oògùn ni iye náà ń sọ, pé bí ó bá ti pọ̀ tó ni ìwòsàn yóò ti yá tó. Èrò kẹta yìí ni ó léwu jù, nítorí pé ọwọ́ aláìsàn kò jìnnà sí bọ́tìnnì tí a fi ń yí iye náà padà.

Ọ̀rọ̀ ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé, kì í ṣe ìṣègùn. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀ràn dé yìí, ọ̀rọ̀ ti di ara ìṣègùn.

2. Ìdíná, ìdádúró, àti ogun òru

Lẹ́yìn ahọ́n, níbi tí ọ̀nà ọ̀fun gbé bẹ̀rẹ̀, kò sí egungun tí ó gbé ògiri ọ̀nà èémí dúró; iṣan ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí oorun bá wọra, iṣan a dẹ̀. Lára ẹni tí ọ̀nà náà há tẹ́lẹ̀, bóyá nítorí ọ̀rá ọrùn tàbí nítorí bí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe rí, ògiri a máa fà mọ́ra. Afẹ́fẹ́ tí ń gba ibi tóóró kọjá ni ó ń dún tí a fi ń sọ pé ènìyàn ń hanrun. Bí ògiri bá wá pàdé ara wọn, ìró a dákẹ́: àyà ẹni náà ń lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò wọlé. Bí ìdákẹ́ náà bá tó ìṣẹ́jú-àáyá 10, àwọn dókítà a kà á sí ọ̀kan. Ọpọlọ a ta jí, ẹni náà a sáré fa èémí sínú bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí lábẹ́ omi, a sì tún sùn lọ láìmọ̀ pé òun jí rárá. Ẹni tí ó sùn tì í ni ó máa ń mọ̀.

Iye ìgbà tí èyí ń ṣẹlẹ̀ ní wákàtí kan, pẹ̀lú iye ìgbà tí èémí dínkù gidigidi láìdí tán, ni a fi ń díwọ̀n àìsàn náà. Ohun tí kò bá tó 5 kò ní nǹkan ṣe. Láti 5 títí dé 15 jẹ́ ìwọ̀nba. Láti 15 dé 30 ti le. Èyí tí ó bá ju 30 lọ le gan-an. Ẹni tí ó bá ń ṣẹlẹ̀ sí nígbà 40 ní wákàtí kan kò sùn ní ti gidi, bí ó tilẹ̀ lo wákàtí mẹ́jọ lórí ibùsùn. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń tòògbé lójúmọmọ, lórí ọkọ̀ agbẹ́rù tàbí nídìí ẹ̀rọ tí ń gé irin.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì yá láti inú èdè Gíríìkì fún àìsàn yìí kò ju 'àìmí' lọ, ó sì kó oríṣi méjì pọ̀. Ti àkọ́kọ́ ni èyí tí a ti ṣàpèjúwe yìí, tí ọ̀nà dí. Ti èkejì ni pé ọ̀nà wà ní ṣíṣí, ṣùgbọ́n ọpọlọ kò ránṣẹ́ sí àyà pé kí ó mí. Èdè Yorùbá lè yà wọ́n sọ́tọ̀ láìsí wàhálà: ìdíná èémí (láti ara dí àti ọ̀nà) fún ti àkọ́kọ́, ìdádúró èémí fún ti èkejì. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe àṣerégèé. Afẹ́fẹ́ tí ń ṣí ọ̀nà ń wo ìdíná sàn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi kún un ju bí ó ti yẹ lọ, ó lè fa ìdádúró lára ẹlòmíràn. Bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bá ń jẹ́ fún méjèèjì, aláìsàn tí iye rẹ̀ ń pọ̀ sí i yóò máa fi afẹ́fẹ́ kún afẹ́fẹ́, kò sì ní mọ̀ pé òun ni òun ń fà á.

Ogun òru ńkọ́? Ní 2007, Aina àti Famuyiwa kọ àpilẹ̀kọ lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àlàyé ìbílẹ̀ tí àwọn Yorùbá ń ṣe fún ìdààmú tí ń dé bá ènìyàn lóru. Ìyàwó tí ó bá gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ dákẹ́ lójijì láàárín òru, tí ó tún gbé ara jìgìrì pẹ̀lú igbe, lè pè é bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ èdè-ìperí kọ́ ni láti bá orúkọ yìí jà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ yá a lò fún ìdíná èémí, nítorí pé ó ti ní ẹni tí a ń dá lẹ́bi nínú.

3. Ipá ìtì

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn fún ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe. Agbára gbòòrò jù: ti iná ni, ti ìjọba ni, ti oògùn ni, àṣìṣe kẹta tí a mẹ́nu bà lókè sì wà nínú rẹ̀ pátápátá. Ìfúnpá ń tan ènìyàn jẹ, nítorí pé aṣọ tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru ń fún apá ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a so mọ́ apá fún ìṣọ́ra ni ìfúnpá nínú èdè, àti pé imú kì í ṣe apá. Ipá nìkan sàn jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n kò sọ irú iṣẹ́ tí ipá náà ń ṣe.

Ìtàn ẹ̀rọ náà lè là wá lóye. Ní 1981 ni Colin Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sydney, ní Ọsirélíà, ròyìn ìtọ́jú yìí nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet. Aláìsàn márùn-ún ni wọ́n fi dán an wò. Ipá tí wọ́n lò kò kéré sí sẹ̀ǹtímítà omi 4.5, kò sì ju 10 lọ, síbẹ̀ ó tó láti mú kí ọ̀nà èémí àwọn aláìsàn náà wà ní ṣíṣí ní gbogbo òru. Àwọn oníwàádìí náà kò pe afẹ́fẹ́ yìí ní oògùn. Ohun tí wọ́n fi wé ni igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń gbé egungun tí ó ṣẹ́ ró.

Àgbẹ̀ Yorùbá ní àfiwé tí ó tún súnmọ́ ọn ju èyí lọ. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá so, tí èso rẹ̀ wúwo, a máa ń fi ọ̀pá tí orí rẹ̀ yà sí méjì tì í kí ó má baà wó. Ọ̀pá náà kò mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ dàgbà, kò sì mú un pọ́n. Bí ó bá kúrú, igi a wó. Bí ó bá gùn jù, yóò tì í ṣubú sí òdìkejì. Tì tí ó wà níbẹ̀ ni ó wà nínú ìtìlẹ́yìn, òun náà sì ni a ń lò fún kí a fi ọwọ́ ti nǹkan síwájú. Ohun méjèèjì ni afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ yìí ń ṣe: ó ń ti ògiri ọ̀fun sẹ́yìn, ó sì ń dúró tì í. Ipá ìtì ni ọ̀rọ̀ tí ó bá iṣẹ́ náà mu. Ìtì nìkan kò ṣeé lò, nítorí pé ìtì igi àti ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ fúnra rẹ̀ ti gba àyè náà ṣáájú.

Sẹ̀ǹtímítà omi tí a fi ń kà á kò le láti ṣàlàyé. Ọmọdé tí ó fi ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú abọ́ omi ti díwọ̀n ipá ìtì láìmọ̀. Bí ó bá ki ọ̀pá náà bọ omi ní sẹ̀ǹtímítà 10, ipá tí afẹ́fẹ́ yóò fi lè yọ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni sẹ̀ǹtímítà omi 10. Táyà tí fọkanáísà fẹ́ dé 30 lórí gééjì rẹ̀ ní ipá ìtì tí ó lé ní sẹ̀ǹtímítà omi 2,000. Kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀ tí ó dúró lórí báà 7 ti lé ní 7,000. Òṣìṣẹ́ Ìkòròdú tí ó bá gbọ́ àlàyé yìí kò ní bẹ̀rù 10 mọ́.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rọ aṣínà-èémí. Kí a má ṣe pè é ní ẹ̀rọ amúnimí, èyí tí ó yẹ ẹ̀rọ tí ń mí fún ẹni tí kò lè dá mí. Ẹni tí ó ń lo aṣínà-èémí ń fi àyà ara rẹ̀ mí.

4. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì

Bí gígùn ọ̀pá ṣe ń yàtọ̀ láti igi kan sí èkejì, bẹ́ẹ̀ ni ipá ìtì ṣe ń yàtọ̀ láti ọ̀fun kan sí òmíràn. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà oorun ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2008 ni pé kí a bẹ̀rẹ̀ láti 4, kí a máa fi ó kéré tán 1 kún un, kí a sì dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú 5 kí a tó tún fi kún un, títí ìdíná àti híhanrun yóò fi lọ; fún àgbàlagbà, kò gbọdọ̀ kọjá 20. Iye tí ó kéré jù tí ó ṣiṣẹ́ ni a ń wá, a sì fẹ́ kí ó tó nígbà tí aláìsàn bá fẹ̀yìn lélẹ̀ tí ó ń lá àlá, nítorí pé ìgbà náà ni ọ̀fun máa ń dẹ̀ jù.

Kò sí ìdí láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun fún iṣẹ́ yìí. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ti wà: wọ̀n, tún wọ̀n sí i. Ó sọ bí a ṣe ń ṣe é, ó sì sọ ibi tí ó yẹ kí ó parí sí. Èdè mélòó ni ó ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀?

Aláìsàn tuntun kì í sábà ráhùn nípa ìdíná, tí kò rí. Ohun tí ó ń ráhùn nípa rẹ̀ ni pé ó ṣòro láti mí jáde, tàbí pé afẹ́fẹ́ kò tó òun nígbà tí òun kọ́kọ́ dùbúlẹ̀. Ohun méjì wà lára ẹ̀rọ fún èyí, ó sì yẹ kí orúkọ wọn jìnnà sí ti ipá ìtì. Ìgòkè díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí ó máa gun òkè lọ sí iye tí dókítà fi lélẹ̀. Ó lè tó ìṣẹ́jú 45. Ìdẹ̀ ìmíjáde ni kí ipá wálẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá ń mí jáde. Ẹni tí mímí jáde ń ni lára, ìdẹ̀ ni kí ó bèèrè. Ẹni tí afẹ́fẹ́ kò tó ní ìbẹ̀rẹ̀ òru, kí a gbé ìbẹ̀rẹ̀ ìgòkè rẹ̀ sókè. Kò kan iye gan-an.

Àmì pé iye gan-an ti pọ̀ jù ni kí inú wú fún afẹ́fẹ́ tí a gbé mì, kí ènìyàn máa gùfẹ̀ láàárọ̀. Àmì pé ó kéré ni kí híhanrun àti òògbé ṣì wà níbẹ̀. Òru kan kò tó láti fi ṣe ìdájọ́. Ẹ̀rọ ń kọ iye ìdíná, wákàtí tí a lò ó àti afẹ́fẹ́ tí ń jò sílẹ̀; àkọsílẹ̀ òru púpọ̀ ni kí aláìsàn gbé lọ bá dókítà, kí wọ́n jọ yí i padà ní ìṣísẹ̀ kékeré.

5. Jíjò àti ihò ìmíjáde

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún afẹ́fẹ́ tí ń gba ẹ̀gbẹ́ ìbòmú sá lọ àti fún èyí tí ń gba àwọn ihò kéékèèké tí a dìídì lu sí i. Bí a bá túmọ̀ èyí sí jíjò láìronú, ewu ńlá ni. Òṣìṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi ohun tí ń jò sílẹ̀; yóò wá téèpù, yóò sì dí i. Àwọn ihò wọ̀nyí ni èémí tí ó ti bàjẹ́ ń gbà jáde. Bí wọ́n bá dí, aláìsàn yóò máa mí ohun tí ó ti mí jáde sínú padà. Ihò ìmíjáde ni kí a máa pè wọ́n, kí jíjò sì jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ ìbòmú nìkan. Fún jíjò ẹ̀gbẹ́, okùn tàbí ìwọ̀n ìbòmú ni a ń tún ṣe ṣáájú. Ẹni tí ó bá fi ipá ìtì kún un nítorí rẹ̀ yóò rí i pé ó túbọ̀ ń jò.

6. Iná tí ń lọ, ẹ̀rọ tòkunbọ̀

Ilé-iṣẹ́ amúnáwá Egbin, tí agbára tí a kọ́ ọ fún jẹ́ mẹ́gáwáàtì 1,320, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1985, kò jìnnà sí Ìkòròdú. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo òru ni iná ń wà títí di àárọ̀. Níbi tí ẹ̀rọ bá ń tún ìgòkè díẹ̀díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbàkigbà tí iná bá padà dé, ìgòkè oníṣẹ́jú 45 nínú òru tí iná lọ lẹ́ẹ̀mẹta yóò jẹ lé ní wákàtí méjì nínú oorun láìtíì dé iye tí ó yẹ. Kí ìgòkè kúrú ni ó bá irú ibẹ̀ mu. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí lè lo bátìrì fóòtì 12 tàbí 24. Omi gbígbóná tí ń mú afẹ́fẹ́ rin ni ó ń jẹ iná jù lára wọn.

Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tún jẹ́ ọ̀ràn mìíràn. Iye ẹlòmíràn lè wà nínú rẹ̀, ọ̀pá tí a gé fún igi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2021, Philips kéde pé òun ń gba ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ẹ̀rọ rẹ̀ padà nítorí fóòmù inú wọn tí ó lè fọ́ wẹ́wẹ́ wọ inú èémí. Kí ẹni tí ó bá ń ra àlòkù wo nọ́ńbà ara ẹ̀rọ dáadáa kí ó tó sanwó.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí kò tíì rí orúkọ tí ó tẹ́ni lọ́rùn: èémí tí ó dínkù láìdí tán. Ọ̀nà híhá súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà ni ó ń sọ, kì í ṣe èémí. Ìdínkù èémí tọ́, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ẹnu àti nínú ìwé tí wọn kò fi àmì sí, ó rọrùn láti ṣì í pè fún ìdíná. Àyè ṣì sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá ní èyí tí ó dára jù.