Fúlóòtì inú Táńkì Epo: Yíyẹ̀ Ẹ́ Wò àti Pípààrọ̀ Rẹ̀

Àwọn Volkswagen ìjàpá tí wọ́n ṣe ṣáájú 1960 kò ní gééjì epo. Bí epo bá ń tán lọ, tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀, awakọ̀ a fi ẹsẹ̀ ti ọ̀pá kékeré kan, ìwọ̀nba epo tí ó kù nísàlẹ̀ táńkì a sì gbé e dé ilé epo. Abẹ́rẹ́ gééjì ni awakọ̀ òde òní gbójú lé. Bí abẹ́rẹ́ bá purọ́ fún un, ojú ọ̀nà ni yóò ti gbọ́ òótọ́.

Fúlóòtì, ohun fífúyẹ́ tí ó ń léfòó lórí epo, ni ó ń darí abẹ́rẹ́ náà. Bí ó ti ń lọ sókè sódò, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó so mọ́ ọn ń rìn lórí wáyà kan tí ó ń dín agbára iná kù. Ibi tí irin náà bá dúró sí ni ó ń pinnu iye iná tí yóò dé gééjì. Bí ojú wáyà yìí bá jẹ, abẹ́rẹ́ a máa fò sókè sódò. Bí fúlóòtì bá lu, epo a wọ inú rẹ̀, a sì rì. Gééjì a ní táńkì gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni ó kún.

Ṣùgbọ́n fúlóòtì kọ́ ni ó ń jẹ̀bi ní gbogbo ìgbà. Fíùsì lè jó, wáyà sì lè já tàbí kí ó dípẹtà. Rẹwáyà tí ó mọṣẹ́ a kọ́kọ́ fi mítà wọn fúlóòtì náà bí ó ti ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Bí òǹkà mítà bá ń yí láìfò, ibòmíràn ni kí ó wá ẹ̀bi sí. Ọ̀pọ̀ ni ó ti fi owó ra tuntun lásán.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà. Nínú àwọn mìíràn, àfi kí wọ́n sọ táńkì kalẹ̀. Iṣẹ́ náà kò le, ewu rẹ̀ ni ó pọ̀. Oru bẹntiróò wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ni ó sì ń rá lọ. Bí ó bá ti wà láàárín ìdá 1.4 sí 7.6 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́, ìtapárá iná kan ti tó. Nítorí náà, táńkì tí epo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀, tí oru gba àyè rẹ̀, kì í ṣe ohun àfojúdi. Ìta gbangba ni kí wọ́n ti ṣe é, kí wọ́n kọ́kọ́ tú wáyà bátìrì, kí sìgá àti àtùpà jìnnà síbẹ̀. Igi ni kí wọ́n fi gbá òrùka ìdérí, kì í ṣe irin. Rọ́bà ìdérí tuntun ni kí wọ́n lò, kí oru má baà máa jò wọ inú ọkọ̀.

Lẹ́yìn èyí, lítà 5 lítà 5 ni kí wọ́n máa bu epo sí i, kí wọ́n máa wo abẹ́rẹ́. Bí ó bá ní ó kún nígbà tí epo kò tíì dé ìdajì, irin fúlóòtì náà ti tẹ̀, tàbí kí ó jẹ́ pé ti ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n tà fún un.