Oògùn Ṣúgà Tí Kì í Wò Ó Bóyá O Ti Jẹun

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Bẹyẹrúnká, ìyá àgbà wa lo oògùn ṣúgà wọn, wọ́n ní àwọn á jẹun táwọn bá ti Ọjà'ba dé. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí òógùn fi bò wọ́n, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ò já gaara mọ́. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe wọ́n. Ìyá kan tó ń ta mínírà ló fura, ó rí i pé wọ́n ṣì lè gbé nǹkan mì, ó bu mínírà fún wọn. Kò pẹ́ tí ìyá fi ń bèèrè báàgì wọn.

Glibenclamide ni oògùn náà. Kí ló ṣe gan-an?

Nínú pancreas, lẹ́yìn ikùn lọ́hùn-ún, àwọn sẹ́ẹ̀lì beta wà tí wọ́n ń ṣe insulin, tí wọ́n ń kó o pamọ́ sínú àpò kéékèèké. Lára wọn ni ilẹ̀kùn wà tí pọtasíọ̀mù ń gbà jáde. Tá a bá jẹ àmàlà, ṣúgà á wọnú ẹ̀jẹ̀, á wọ sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì á sọ ọ́ di agbára tó ń jẹ́ ATP. ATP yìí ló ń ti ilẹ̀kùn pọtasíọ̀mù. Tó bá ti tì, iná ara sẹ́ẹ̀lì á yí padà, ilẹ̀kùn kálísíọ̀mù á ṣí, kálísíọ̀mù á ya wọlé, àpò insulin á sì tú sínú ẹ̀jẹ̀.

Ṣé ẹ rí i pé oúnjẹ ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀? Glibenclamide ò dúró de oúnjẹ. Ó máa ń lọ di mọ́ ilẹ̀kùn pọtasíọ̀mù fúnra rẹ̀, á tì í pa, yálà o jẹun ní Bẹẹrẹ tàbí o ò jẹ. Insulin á jáde, ìwọ̀nba ṣúgà tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, ebi á wá pa ọpọlọ.

Èèṣì ni wọ́n fi rí irú oògùn yìí o. Ní 1942, ní Montpellier nílẹ̀ Faransé, Marcel Janbon ń dán oògùn kan wò fáwọn tó ní táífọ́ọ̀dù, ṣúgà ara wọn ṣàdédé já wálẹ̀, àwọn kan tiẹ̀ kú. Auguste Loubatières wá fi ajá wádìí ẹ̀: ajá tí wọ́n ti yọ pancreas rẹ̀, oògùn náà ò ràn án.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ní kí ìyá sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Mo kọ́kọ́ rò pé àṣejù ni. Àṣé oògùn yìí máa ń pẹ́ lára àgbà, pàápàá tí kíndìnrín bá ti ń rẹ̀, ṣúgà sì lè tún já lẹ́yìn tí mínírà bá ti tán lára. Àjọ Ìlera Àgbáyé gan-an kọ ọ́ pé kò yẹ ẹni tó bá ti lé ní ọdún 60. Dókítà pààrọ̀ oògùn fún wọn. Ní báyìí, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ni wọ́n fi ń ṣáájú Ọjà'ba.