Àwọn Asáré Etí Títì

Ẹni tí ó bá dé oríta Ṣàgámù ní ìdájí, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ọ̀nà Bìní, yíò rí àwọn tí ń sáré ní etí títì, tí ọkọ̀ àjàgbé ń kù gìrìgìrì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Olè kọ́ ni wọ́n ń lé. Eré ìje ni wọ́n ń múra sí, kì í sì í ṣe nítorí owó.

Ọ̀rẹ́ wa kan, oníṣòwò aṣọ, sá eré ìje ńlá ti Èkó, tí a bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016. Kìlómítà 42 ó lé díẹ̀ ni. Ó wí fún wa pé ní ìbẹ̀rẹ̀ òun tẹ̀lé àwọn ará Kẹ́ńyà pẹ́kípẹ́kí. Nígbà tí ó di nǹkan bí kìlómítà 30, ẹsẹ̀ kọ̀. Agbára oúnjẹ tí ara fi pamọ́ a máa tán níbẹ̀, pàápàá lára ẹni tí ó fi ìkánjú bẹ̀rẹ̀. Ìrìn ni ó rìn dé òpin, nígbà tí àwọn tí ó gba ẹ̀bùn ti wẹ̀, tí wọ́n sì ti jẹun.

Àwa kò rí ìtìjú nínú èyí. Etí títì yẹn ni ó ń kọ wá lóminú. Ṣé a kò lè la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sí ẹ̀bá oríta náà ni? A bẹ àwọn aláṣẹ kí wọ́n bojú wò ó, nítorí láti àná ni ọ̀rẹ́ wa ti tún ń sáré níbẹ̀.