Ìṣètò Nẹ́tíwọ̀kì Aláìlókùn ní Ọgbà Ilé-Ẹ̀kọ́: Gbọ̀ngàn, Ilé Ibùgbé àti Gbàgede

Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá fẹ́ pèsè íntánẹ́ẹ̀tì aláìlókùn, ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni bí ẹ̀rọ ṣe lágbára tó. Èrò tiwa nínú iṣẹ́ yìí ni pé irú àyè tí a ó ti lò ó ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Mo ti wà nínú gbọ̀ngàn kan rí tí nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sí, tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo wà lára ògiri. Àmì Wi-Fi kún ojú fóònù wa, síbẹ̀ ojú-ewé kan kò ṣí. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ẹ̀rọ tí ó wà lórí ìkànnì kan náà a máa dúró de ara wọn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti í ṣe nínú ìpàdé. Nítorí náà, iye ènìyàn ni a ó kà nínú gbọ̀ngàn. Ẹ̀rọ púpọ̀ tí a dín agbára wọn kù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lórí ìkànnì tirẹ̀, ni ó yẹ ibẹ̀. Ní ìpele gigahertz 2.4, ìkànnì mẹ́ta péré, 1, 6 àti 11, ni a sábà máa ń lò tí kì í wọ inú ara wọn. Ti gigahertz 5 pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ara ènìyàn pàápàá a máa gba ìgbì rédíò mu nítorí omi inú rẹ̀. Ẹni tí ó dán ẹ̀rọ wò nínú gbọ̀ngàn òfìfo kò tíì dán an wò.

Ní ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́, ògiri búlọ́ọ̀kù ni a ó kà, ìgbì gigahertz 5 ni ó sì tètè ń rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tí a tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ a máa gbọ́ ara wọn ketekete, wọn a sì máa dí ara wọn lọ́wọ́, nígbà tí ẹni tó wà nínú yàrá kò rí nǹkan gbà. Inú yàrá ni ó dára kí á gbé wọn sí.

Ní gbàgede, ẹ̀rọ orí òpó lè pariwo dé ẹnu ọ̀nà ọgbà, ṣùgbọ́n fóònù ni yóò dá a lóhùn, ohùn fóònù kò sì lágbára bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná kò ṣe é fojú fò. Okùn nẹ́tíwọ̀kì lè gbé iná lọ bá àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, bí a bá ra irú èyí tí ó gbà á; bátìrì kan níbi tí àwọn okùn ti pàdé a sì lè bọ́ gbogbo wọn nígbà tí iná bá lọ.