Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Kọ̀ǹpútà Yín Gbé Fáìlì Lọ Sórí Ìkànnì: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Aiyetoro-Gbede àti Agbègbè Rẹ̀

Ìwé yìí wà fún ẹ̀yin akọ̀wé ilé ìwé, akọ̀wé ìjọ, òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn àti akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tí wọ́n fi ìkànnì lé lọ́wọ́ ní Aiyetoro-Gbede àti káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ Ìjùmú. A kọ ọ́ fún ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí ẹni tó ṣe ìkànnì náà ti padà sí Èkó tàbí Àbújá, tí kò sì fi nǹkan mìíràn sílẹ̀ ju àdírẹ́sì sáfà (kọ̀ǹpútà tí ìkànnì wà nínú rẹ̀), orúkọ ìwọlé àti pásíwọ́ọ̀dù tó kọ sórí bébà. Wọ́n ní kí ẹ pààrọ̀ ọjọ́ ìwọlé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, tàbí kí ẹ fi fọ́tò ìkórè sí i. Ibo lẹ ó gbà?

Ohun tí ẹ nílò ti wà nínú kọ̀ǹpútà yín. Ètò tí ẹ fi ń ṣí fódà, tí ẹ fi ń wá lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ lánàá, òun náà lè dé ọ̀dọ̀ sáfà. File Explorer ni lórí Windows, Finder ni lórí Mac, Files sì ni lórí Ubuntu.

Ibi tí ìkànnì wà gan-an

Fódà ni ìkànnì, ó wà nínú kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ tí ẹ ń sanwó fún lọ́dọọdún. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́, public_html ni orúkọ fódà náà. Ohunkóhun tí ẹ bá gbé síbẹ̀, gbogbo ayé lè rí i, bí kò tilẹ̀ sí ojú ewé kankan tó tọ́ka sí i. Ẹ̀yin ilé ìwòsàn, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ má ṣe fi àkọsílẹ̀ aláìsàn pamọ́ síbẹ̀, kódà fún wákàtí kan. Òfin Ìdáàbòbò Dátà tí Ààrẹ Nàìjíríà buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra tó ga jù. Aláìsàn tí orúkọ rẹ̀ bá jáde ni ojú sì máa tì, kì í ṣe sáfà.

Ọ̀nà wo ni kí ẹ gbà?

Ọ̀nà tó ti wà pẹ́ jù láti gbé fáìlì dé sáfà ni FTP. Abhay Bhushan, ọmọ Íńdíà tó wà ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, ló kọ ìlànà rẹ̀ ní 1971, nígbà tí àwọn tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò pọ̀, tí wọ́n sì fọkàn tán ara wọn. Nítorí náà, pásíwọ́ọ̀dù inú FTP ń lọ ní gbangba, bíi lẹ́tà tí a kò lẹ̀ lẹ́nu tí a fi rán awakọ̀: ọwọ́ tó bá bà á lójú ọ̀nà lè kà á. Ní 1995, ẹnì kan jí pásíwọ́ọ̀dù kó bẹ́ẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yunifásítì tí wọ́n ń pè ní Helsinki University of Technology, ní Finland. Ìyẹn ló mú kí Tatu Ylönen, olùwádìí kan níbẹ̀, ṣe SSH, tó ń yí ọ̀rọ̀ padà di àdììtú kó tó gbéra. Láti ara SSH ni SFTP, tó ń gbé fáìlì lábẹ́ ààbò yẹn, ti jáde. Chrome àti Firefox ti yọ FTP kúrò pátápátá láti 2021.

File Explorer ṣì ń gbọ́ FTP, àmọ́ kò gbọ́ SFTP. Finder lè ka fáìlì lórí FTP, kò lè fi nǹkan kan síbẹ̀. Files ti Ubuntu ló gbọ́ méjèèjì: ẹ kọ sftp:// síwájú àdírẹ́sì sáfà, ẹ tẹ orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù, ó parí.

Fún ẹni tó ń lo Windows, ìmọ̀ràn wa ni Web Disk, tó ń jẹ́ kí fódà ìkànnì hàn nínú kọ̀ǹpútà yín. Bí iléeṣẹ́ yín bá ń lo cPanel, ojú ewé tí a fi ń ṣètò ìkànnì, ẹ wọlé síbẹ̀, ẹ wá Web Disk, ẹ ṣí àkáǹtì kan tí kò lè kọjá public_html. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí File Explorer, ẹ bọ́ sí This PC, ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì níbi tó ṣófo, kí ẹ sì mú Add a network location. Lórí Windows 11, ẹ lè kọ́kọ́ tẹ Show more options kó tó yọjú. Nígbà tó bá béèrè àdírẹ́sì, ẹ kọ https://, orúkọ ìkànnì yín, àti :2078 tẹ̀ lé e láìfi àyè sílẹ̀. Odindi orúkọ àkáǹtì náà ni kí ẹ fi wọlé, pẹ̀lú @ àti ohun tó tẹ̀ lé e. Bí Windows bá ní ìwé ẹ̀rí sáfà kò bá orúkọ mu, ẹ dúró, ẹ pe iléeṣẹ́ náà kí wọ́n fún yín ní orúkọ sáfà gan-an. Bó bá gbà yín wọlé, fódà tuntun á hàn ní This PC, ẹ ó sì máa lò ó bí ẹ ṣe ń lo fódà yòókù. Àdírẹ́sì yìí kan náà ń ṣiṣẹ́ lórí Mac: ẹ ṣí Finder, ẹ tẹ Go, ẹ tẹ Connect to Server.

Kí ẹ má bàa rò pé ó bàjẹ́: Windows kì í fa fáìlì tó ju báìtì 50,000,000 lọ sílẹ̀ lọ́nà yìí àfi tí ẹ bá yí ètò rẹ̀ padà. Fídíò ni ìyẹn sábà máa ń kàn.

Bí iléeṣẹ́ yín kò bá ní Web Disk, ẹ bi wọ́n bóyá SFTP wà. WinSCP, ètò kan fún Windows tí ẹ lè fà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, gbọ́ SFTP dáadáa, ó sì sàn kí ẹ fi dátà díẹ̀ fà á ju kí ẹ máa fi FTP rán pásíwọ́ọ̀dù lórí Wi-Fi gbogboògbò.

Kí ẹ tó gbé ohunkóhun lọ

Bí ẹ bá fẹ́ gbàgbé gbogbo ìwé yìí, ẹ má gbàgbé ibí. Ẹ kọ́kọ́ kọ́pì gbogbo public_html sínú kọ̀ǹpútà yín, nínú fódà tí ẹ kọ ọjọ́ òní sí lórí. Bí ẹ bá gbé fáìlì tuntun lé èyí tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lórí ní sáfà, ti àtijọ́ ti lọ nìyẹn. Recycle Bin inú kọ̀ǹpútà yín kì í bá yín gbà á padà. Bó bá jẹ́ WordPress ni ìkànnì yín, ẹ mọ̀ pé ìròyìn àti ojú ewé tí ẹ kọ kò sí nínú fáìlì. Inú database, ibi ìpamọ́ ọ̀tọ̀ kan, ni wọ́n wà, ẹ̀dà tirẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jáde láti cPanel lọ́tọ̀. Fáìlì tí a ń pè ní wp-config.php, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Iná lè lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lè já láàárín iṣẹ́. Fáìlì tó bá dé ààbọ̀ á mú kí ojú ewé fọ́ tàbí kó ṣófo, àwọn òbí tó ń wá ọjọ́ ìwọlé á sì bá òfìfo pàdé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí bátìrì kún, ẹ kọ́kọ́ gbé fọ́tò lọ, kí ojú ewé tó ń pè wọ́n wá kẹ́yìn. Fún ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ má ṣe gbé index.html tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Ẹ gbé e lọ pẹ̀lú orúkọ index2.html, kí ẹ ṣí i lórí fóònù, kí ẹ rí i pé ó pé. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yí orúkọ ti àtijọ́ sí index-atijo.html, kí ẹ wá sọ tuntun di index.html. Ìyípadà orúkọ kì í pẹ́ rárá, bí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀, ti àtijọ́ wà níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ sáfà ń lo Linux, ó sì mọ̀ pé Foto.JPG àti foto.jpg kì í ṣe ọ̀kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Windows kà wọ́n sí ọ̀kan. Ìdí nìyí tí fọ́tò fi ń hàn lórí kọ̀ǹpútà yín tí kì í hàn lórí ìkànnì. Ẹ lo lẹ́tà kékeré nìkan nínú orúkọ fáìlì, láìsí àmì ohùn, láìsí àyè: ikore.jpg. Ẹ sì dín fọ́tò kù kó tó lọ, nítorí ó ń jẹ dátà àwọn ará ilé tó ń wò ó náà.

Pásíwọ́ọ̀dù

Pásíwọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ sí lórí gúrúùpù WhatsApp ìlú. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà oníṣòwò ní Kabba lẹ lò, ẹ má fi àmì sí Remember my credentials, kí ẹ sì pa fódà náà rẹ́ kúrò ní This PC kí ẹ tó dìde. Lọ́jọ́ tí akọ̀wé bá yí padà, kí pásíwọ́ọ̀dù yí padà lọ́jọ́ náà gan-an, bí akọ̀wé àtijọ́ tilẹ̀ jẹ́ ẹni rere.

Bí iṣẹ́ bá parí tí ojú ewé àtijọ́ ṣì ń hàn lórí fóònù yín, ẹ fi fóònù ẹlòmíràn wò ó kí ẹ tó tún fáìlì gbé lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, fóònù yín ló ń fi ẹ̀dà tó tọ́jú hàn yín.