Ṣé Tẹ́rápíìsì Ló Máa Sọ Ohun Tí Ẹ Máa Ṣe? Òótọ́ àbí Irọ́?

Tí ènìyàn bá sọ nílé pé òun ń lọ rí tẹ́rápíìsì, ìyẹn ẹni tó kọ́ṣẹ́ fífi ọ̀rọ̀ sísọ wo ọgbẹ́ ọkàn, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde ni, "Kí ló ṣe ọ́?" Ìbẹ̀rù ló wà nídìí rẹ̀, ohun tí a sì ń gbọ́ lẹ́nu ara wa ló ń bọ́ ìbẹ̀rù náà. Ó dùn mí pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń dá ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ padà lẹ́nu ọ̀nà.

"Wèrè nìkan ló ń lọ síbẹ̀."

Irọ́ ni. Opó tí oorun ti dá lójú rẹ̀, ọkùnrin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò lè sọ ọ́ nílé, ìyá ìkókó tó kàn ṣáà ń sunkún, ọmọ yunifásítì tí àyà rẹ̀ ń já kó tó wọ kíláàsì: gbogbo wọn ló lè lọ. Ẹni tó ń lo oògùn dókítà fún àìsàn ọpọlọ náà lè lọ, láìfi oògùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Tẹ́rápíìsì ló máa sọ ohun tí ẹ máa ṣe."

Irọ́ ni, orí èyí ni mo sì fẹ́ kí a dúró sí jù. Ohun tó mú wa rò bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Bí ìjà bá dé láàárín tọkọtaya, a ó gbé e lọ bá olórí ẹbí; olórí ẹbí á gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, á dá ẹni tó jẹ̀bi lẹ́bi, á sì sọ ẹni tó máa bẹ ẹnì kejì. Babaláwo á ní kí a rú ẹbọ, wòlíì á ní kí a gbààwẹ̀, dókítà á kọ oògùn. Àṣẹ ni a máa ń retí. Iṣẹ́ tẹ́rápíìsì yàtọ̀ sí ìyẹn.

Carl Rogers, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ọmọ Amẹ́ríkà, kọ ìtàn kan sínú ìwé rẹ̀ On Becoming a Person tó jáde ní 1961. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ran àwọn ọmọdé lọ́wọ́ nílùú Rochester, ìyá kan wà tí ọmọkùnrin rẹ̀ ya ìpátá. Ó dá Rogers lójú pé bí ìyá náà kò ṣe fẹ́ràn ọmọ náà láti kékeré ló fà á, ó sì gbìyànjú léraléra láti fi yé e. Kò yé e. Níkẹyìn, Rogers ní ó jọ pé ibi tí agbára àwọn mọ nìyẹn. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, obìnrin náà ń lọ, àfi bó ṣe yíjú padà tó béèrè bóyá wọ́n máa ń gba àgbàlagbà níbẹ̀. Ó padà jókòó, ó sì tú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀ tó ti dojú rú sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ pátápátá sí àlàyé tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í dára fún un àti fún ọmọ rẹ̀. Rogers ní èyí wà lára ohun tó jẹ́ kó yé òun pé ẹni tí nǹkan ń dùn ló mọ ibi tó ti ń dùn ún.

Kí wá ni iṣẹ́ tẹ́rápíìsì? Edward Bordin, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá bíi Rogers, ṣàlàyé rẹ̀ ní 1979: kí àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí wọ́n ń lọ àti ohun tí wọn yóò ṣe láti débẹ̀, kí wọ́n sì fọkàn tán ara wọn. Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin kan kò lè sọ pé "rárá" fún mọ̀lẹ́bí tó ń tọrọ owó, ó sì ti wọ gbèsè. Tẹ́rápíìsì kò ní pàṣẹ pé kó má fún wọn mọ́. Yóò bi í pé, "Ẹ̀yin gan-an, kí lẹ fẹ́ kó yí padà? Tí ẹ bá fẹ́ sọ pé kò sí owó, kí ló máa ń wá sí yín lọ́kàn?" Bóyá ohùn ìyá rẹ̀ ló ń gbọ́, tó ní ahun kì í níyì. Wọ́n lè jọ pinnu pé lọ́sẹ̀ yìí, ẹnì kan ṣoṣo, èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ kò bà á jù, ni yóò sọ ọ́ fún. Bó bá padà wá tó ní òun kò lè ṣe é, kò sí ìbáwí. Wọ́n á jọ wo ibi tó ti há.

"Tó bá láàánú, gbogbo ohun tí mo bá sọ ló máa gbà."

Apá kan rẹ̀ lòótọ́. Yóò gbà yín bí ẹ ṣe jẹ́. Nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1957, Rogers ka ìyẹn mọ́ ohun tí iṣẹ́ yìí kò lè ṣe láìsí, pẹ̀lú òótọ́ inú àti kí tẹ́rápíìsì lè fi ara rẹ̀ sípò yín. Òótọ́ inú yẹn gan-an ló máa jẹ́ kó lè sọ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Mo rí i pé gbogbo ìgbà tí ẹ bá dárúkọ bàbá yín lẹ máa ń rẹ́rìn-ín. Kí ló wà nínú ẹ̀rín yẹn?" Àánú tí kò lè béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò tíì tó.

"Ọ̀rẹ́ mi ti tó."

Òótọ́ ni pé ọ̀rẹ́ gidi ń gbé ẹrù kúrò lọ́rùn ẹni. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mọ ọkọ yín, ó ní ẹni tó ń gbè, òun náà sì ní ìṣòro tó fẹ́ kí ẹ gbọ́. Lọ́dọ̀ tẹ́rápíìsì, tiyín nìkan ni wákàtí yẹn. Ọ̀rọ̀ yín kò sì gbọdọ̀ jáde níbẹ̀, àfi tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu.

"Nǹkan òyìnbó ni."

Irọ́ ni. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Thomas Adéoyè Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ tó bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé nílé ìwòsàn ọpọlọ Aró ní 1954. Dípò kó ti aláìsàn mọ́lé, ó fi wọ́n wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká. Mọ̀lẹ́bí kan á tẹ̀ lé aláìsàn wá, ìtọ́jú á máa lọ, wọ́n á sì máa bá àwọn ará abúlé gbé. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú.

Ní Zimbabwe, dókítà Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ ètò Friendship Bench nílùú Harare ní 2006. Àwọn ìyá àgbà ló ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta ilé ìwòsàn láti gbọ́ tẹnu ẹni tí ìrònú ti bò mọ́lẹ̀. Àgbà ni wọ́n, wọ́n lè pàṣẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ́ wọn ni pé kí ẹni tó wá ka ìṣòro rẹ̀ sílẹ̀, kó fúnra rẹ̀ mú ọ̀kan, kí wọ́n sì jọ wá ojútùú sí i. Ìwádìí tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA ní 2016 fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tó bá wọn jókòó yá ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú àfikún díẹ̀. Mi ò rí ohun tó jẹ́ ti òyìnbó nínú èyí.

"Tí ara mi kò bá balẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, èmi ni mo ní wàhálà."

Irọ́ ni. Ẹ sọ ọ́ fún un. Ẹni tó mọṣẹ́ kò ní bínú. Á béèrè ohun tí ẹ fẹ́ kó yí padà. Tí kò bá tún wọ̀, ẹ lè ní kó júwe ẹlòmíràn fún yín. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ béèrè ibi tó ti kọ́ṣẹ́, iye tó ń gbà, àti bí ẹ̀yin méjèèjì ṣe máa mọ̀ pé nǹkan ń lọ síwájú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ yáwó lọ́wọ́ yín, tó ń kọnu ìfẹ́ sí yín, tàbí tó ń bú yín, ẹ má padà síbẹ̀.