Ọwọ́ Mélòó Ni Ìwé Ń Gbà Kọjá Kí Ó Tó Dé Ọwọ́ Wa?

  

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ará mọ́sáláásí, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa ọ̀wọ́n, ìbéèrè kan ló fa àkọsílẹ̀ yìí. Nígbà tí a ní kí àwọn ọmọ wa ra ìwé kékeré tí ilé-kéwú wa tẹ̀ jáde, bàbá kan wá bá wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ó gbé ìwé náà lé àtẹ́lẹwọ́, ó ní, "Àfáà, ẹ má bínú o. Ìwé tín-ín-rín báyìí, kí ló mú un wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Ṣé kí n kúkú lọ ṣe fọ́tòkọ́pì èyí tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ni?" A kò bínú. Ìbéèrè gidi ni, ẹni tí ó ń san owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́rin ló sì béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò ṣeé sọ tán ní ìdúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláásí, nítorí náà ni a ṣe kọ ọ́ síbí.

Olùkọ́ wa kan, tí Ọlọ́hun ti pè, ló kọ ìwé náà. Kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Ó fi èdè Yorùbá ṣàlàyé gírámà Lárúbáwá fún àwọn ọmọdé, ó sì fi àwọn ìtàn kéékèèké há a láàárín, irú ìtàn tí ọmọ á kà tí yóò gbàgbé pé ẹ̀kọ́ ni òun ń kọ́. Ìwé àjákọ méjì ni ó fi kọ ọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ kó àpótí rẹ̀ wá fún wa, ikán ti jẹ igun ìwé kejì. Ìgbà náà ni a mọ̀ pé bí a kò bá yára, ohun tí bàbá náà fi ọdún púpọ̀ kọ yóò di erùpẹ̀.

A gbé ìwé kìíní lọ sí ilé ìtẹ̀wé kékeré kan nínú ìlú wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ilé-Ifẹ̀ mọ irú ibẹ̀. Láti ìgbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ ti kó wá sí ìlú yìí ní 1967, èyí tí a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, ìwé kíkọ àti ìwé títẹ̀ kò wọ́n wa. Yunifásítì ní ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀, àwọn kéékèèké sì pọ̀ nígboro. Èyí tí a lọ kò ju yàrá méjì lọ. Ọ̀gá, ọmọkùnrin kan tí ó ń tọ́jú ẹ̀rọ, àti obìnrin kan tí ó ń ká bébà ni gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ àti rìsíìtì ni wọ́n fi ń jẹun. Ọ̀gá náà kì í ṣe Mùsùlùmí, kò sì mọ álífù. Ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì bọ̀wọ̀ fún ìwé. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbé agolo omi lé orí bébà wa, á kígbe mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ nípa lẹ́tà ni kí a kọ́kọ́ sọ, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nítorí ẹ̀yin ni ó kàn. Lẹ́tà Lárúbáwá jẹ́ 28. Méjìlélógún nínú wọn a máa so mọ́ èyí tí ó wà níwájú àti èyí tí ó wà lẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní ìrísí mẹ́rin: nígbà tí ó bá dá wà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ní àárín, àti ní ìparí. Àwọn mẹ́fà yòókù, álífù àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kì í so mọ́ èyí tí ó tẹ̀lé wọn, ní ìrísí méjì-méjì. Ẹ ṣírò rẹ̀, yóò jẹ́ 100 gééré, láì tíì ka fátíhà, kẹ́sírà, dọ́múmà àti àwọn àmì yòókù. Láyé àtijọ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ to lẹ́tà olójé lọ́kọ̀ọ̀kan, atolẹ́tà Lárúbáwá nílò àpótí tí ó tóbi ju ti atolẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lọ fíìfíì. Ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú àwọn àfáà wa fi ń fi ọwọ́ ara wọn kọ ìwé ní mímọ́, tí wọn á sì ní kí atẹ̀wé ya àwòrán ojú ìwé náà bó ṣe wà. Lónìí kọ̀ǹpútà ló ń so lẹ́tà pọ̀ fúnra rẹ̀. Àbí kí a sọ pé ó yẹ kí ó so ó pọ̀. Ìgbà mìíràn wà tí ìwé á kúrò nínú kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí òmíràn, tí gbogbo lẹ́tà á tú ká bí adìyẹ tí àṣá balẹ̀ sí láàárín.

Akẹ́kọ̀ọ́jáde wa kan ló fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé olùkọ́ wa. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Káírò ni ó fi mọ̀wé. Olùkọ́ wa ní tirẹ̀ ń kọ ọwọ́ àtijọ́, èyí tí ó ti ilẹ̀ Mọ̀rókò gba aṣálẹ̀ kọjá dé ọ̀dọ̀ wa. Nínú ọwọ́ yẹn, àmì róbótó tí Lárúbáwá ń pè ní nuqta máa ń wà lábẹ́ lẹ́tà fáù, ti káfù a sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo lókè. Nínú ìwé Káírò, ẹyọ kan lókè jẹ́ fáù, méjì lókè ni káfù. Ẹ̀yin náà ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Gbogbo ibi tí olùkọ́ wa ti kọ "qāla", tí í ṣe "ó sọ pé", ọmọ wa tẹ "fāla". Odindi ìwé, kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ mọ́!

Èyí pa wá lẹ́rìn-ín. Èkejì kò pa wá lẹ́rìn-ín rárá. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ ìtẹ̀wé, ọ̀gá náà tẹ ẹyọ kan fún wa kí a fi yẹ iṣẹ́ wò. A ti kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a sì ti ń múra láti fọwọ́ sí i. Àtùpà ni a tàn nítorí pé iná ti lọ. Ọmọ wa obìnrin kan tí kò ju ọdún mọ́kànlá lọ, tí ó bá wa gbé oúnjẹ wá, na ìka sí òkè ojú-ìwé kìíní pàápàá. Ó ní, "Àfáà, kí ni èyí?" Àmì róbótó kan ti bọ́ sábẹ́ lẹ́tà háù nínú "ar-Rahīm". Ẹ̀yin tí ẹ kéwú mọ̀ pé bí háù bá gba àmì nísàlẹ̀, ó ti di jíìmù nìyẹn. "Ar-Rahīm" sì di "ar-Rajīm". Orúkọ tí a fi ń pe Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run di èyí tí a fi ń pe Ṣàtánì ẹni ẹ̀kọ̀. Ẹ̀kán yíǹkì kan péré! Ara wa bù rìrì. Àṣìṣe náà kì í ṣe ti ilé ìtẹ̀wé. Àwa tí a kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni. Ohun tí a ti há sórí láti kékeré, ojú wa kò kà á mọ́, ó kàn ń fò ó ni. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń fún ọmọdé ní ìwé yẹ̀ wò kí a tó tẹ̀ ẹ́.

Bí ìwé ṣe ń di ìwé náà tún yà wá lẹ́nu. Ilé ìtẹ̀wé kì í tẹ ojú-ìwé kan tẹ̀lé èkejì. Wọ́n á to ojú-ìwé mẹ́jọ sí iwájú bébà ńlá kan, mẹ́jọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọn á ká a lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò sì di 16. Ẹ mú bébà kan nílé, ẹ ká a lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ kọ nọ́ńbà sí ojú-ìwé rẹ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, kí ẹ tún un tẹ́: ẹ ó rí i pé 1 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 16, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ 2. Ìwé Lárúbáwá sì ń ṣí láti ọwọ́ ọ̀tún. Ọmọkùnrin tí ó ń tọ́jú ẹ̀rọ to tiwa bí ìwé Gẹ̀ẹ́sì, bí ó ti máa ń ṣe, ìparí ìwé sì wá síwájú. Bébà àkọ́kọ́ bàjẹ́. Nígbà tí a fi kápétà Àlùkùránì wa hàn án, ó yí i wò síwá sẹ́yìn, ó ní, "Áà, ẹ̀yìn ni iwájú yín!" Láti ìgbà náà kò tún ṣì í mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀rọ̀ owó. Ẹni tí ó bá fẹ́ dín àkàrà á ra igi ìdáná, á gbé agbada kaná, á sì da epo sí i. Bí ó bá dín mẹ́wàá, iná ni. Bí ó bá dín igba, iná kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé rí. Owó ẹni tí ó fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́, owó ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò, owó pléètì tí wọn yóò gbé sẹ́nu ẹ̀rọ, gbogbo rẹ̀ kò yí padà, ìbáà jẹ́ 100 ni a tẹ̀ tàbí 5,000. Ilé ìtẹ̀wé ńlá tí ìjọba ń ra ìwé rẹ̀ fún ilé-ìwé káàkiri á pín owó iná yẹn sórí ọ̀kẹ́ àìmọye ìwé. Àwa tẹ 500. Nítorí náà, ìwé tín-ín-rín wa ń ru ẹrù tí ìwé ńlá kò rù. Bébà ńkọ́? Ìjọba dá ilé iṣẹ́ bébà sílẹ̀ ní Jẹ́bà, ní Ìwópin àti ní Oku-Iboku, síbẹ̀ bébà òkèèrè ni púpọ̀ nínú àwọn atẹ̀wé wa ń lò, àti pé láti 1986 tí náírà ti bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ ni owó rímù kan ti ń gòkè. Epo jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Kì í ṣe òní ni ìyà yìí bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe òní ni adùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ibn an-Nadīm tí ó kọ ìwé Fihrist ní ọdún 377 Híjírà, aṣàdàkọ ìwé àti òǹtàwé ni ní Bàgídádì. Wọ́n ní al-Jāhiz a máa háyà ṣọ́ọ̀bù àwọn òǹtàwé ní alẹ́ kí ó lè sùn láàárín ìwé, kí ó máa kà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ní apá ọ̀dọ̀ tiwa, Hasan al-Wazzān tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Leo Africanus kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní Timbuktu, èrè orí ìwé ju ti ọjà yòókù lọ. Ahmad Bābā ará ìlú náà, tí àwọn ọmọ ogun Mọ̀rókò mú ní 1593, sọ pé ìwé 1,600 ni òun pàdánù, ìwé ti òun ló sì kéré jù láàárín àwọn ẹbí òun!

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé ilẹ̀ Yorùbá, àwa Mùsùlùmí kò tètè dìde. Àwọn míṣọ́nnárì ni ó gbé e wá sí Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní 1859. Ó dùn wá láti sọ, òótọ́ sì ni: ẹni tí ó kọ́kọ́ tẹ ìtumọ̀ Àlùkùránì jáde ní èdè Yorùbá, ní 1906, àlùfáà ìjọ Kìrìsìtì ni, M. S. Cole. Àwọn àfáà wa mọ Àlùkùránì jù ú lọ jìnnà. Wàláà àti tàdáwà ni ó wà lọ́wọ́ wọn; ẹ̀rọ kò sí.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ká lára jù ni Sheikh Ādam Abdullāh al-Ilọrí. Ó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, ó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955. Ìwé rẹ̀ ti ń jáde ní òkèèrè. Bẹ́írútù ni wọ́n ti tẹ ìtàn Nàìjíríà tí ó kọ, Mūjaz Tārīkh Nayjīriyā, ní 1965. Síbẹ̀, ó rí i pé ìwé tí ọmọ Yorùbá yóò fi kọ́ Lárúbáwá kò lè máa dúró de ọkọ̀ ojú omi. Ó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sínú Markaz, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé tí a fi kọ́ àwa náà ti jáde. Bébà rẹ̀ le, yíǹkì rẹ̀ máa ń yí ìka dúdú, ṣùgbọ́n àwọn orúkọ ìlú inú rẹ̀ jẹ́ ìlú tí a mọ̀. A rántí ìgbà tí a kọ́kọ́ rí orúkọ Ìlọrin nínú ìwé Lárúbáwá tí a tẹ̀. Ńṣe ni a ń kà á ní àkàtúnkà. Sheikh náà kú ní 1992. Àwọn ìwé náà ṣì ń rìn.

Ọjọ́ tí ìwé tiwa jáde, kò sí ẹni tí ó rántí ìyà. Àwọn ọmọ kíláàsì àgbà bá wa ká bébà, wọ́n bá wa fi wáyà pín in, a sì gbé e lọ síbi ẹ̀rọ ìgéwé. Òórùn yíǹkì gba gbogbo yàrá. Kí a tó délé, ọmọ kan ti jókòó sórí ìdì ìwé nínú ọkọ̀ akérò, ó ń ka ìtàn inú rẹ̀ fún awakọ̀, àwọn méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín. Ìtàn yẹn kò sí nínú ìdánwò.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta a rí i pé ìwé fọ́tòkọ́pì ti pọ̀ ju ìwé gidi lọ nínú kíláàsì kan. Ìwé kan ni ẹnìkan rà, gbogbo àwọn yòókù sì tara rẹ̀ wá. Fọ́tòkọ́pì ọ̀hún kò tilẹ̀ hàn dáadáa; àmì róbótó tí a fi àtùpà wá ti pa rẹ́ nínú rẹ̀, ọmọ tí ó bá ń lò ó kò lè mọ báù yàtọ̀ sí táù. Owó tí a ná kò tíì padà dé, nítorí náà a kò lè gbé ìwé kejì lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Ohun tí a sọ fún bàbá tí ó bi wá léèrè nìyẹn nígbà tí a padà rí i. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ṣé èyí tí ikán jẹ igun rẹ̀ nìyẹn?" A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ra méjì, ó ní ọ̀kan jẹ́ ti ìyá òun tí kò mọ̀wé, pé ọmọ òun ni yóò máa kà á fún un.

Ìwé kejì wà nínú àpótí páànù ní ọ́fíìsì wa, a fi káńfọ̀ sí i, a sì ń ṣí i wò ní oṣooṣù. Akẹ́kọ̀ọ́jáde wa ti ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì ti mọ fáù yàtọ̀ sí káfù báyìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ka ìwé kìíní láì tíì lówó lọ́wọ́, kọ́bọ́ọ̀dù ilé-kéwú wa máa ń wà ní ṣíṣí ní gbogbo ọjọ́rú láàárín ìrun Àsárì àti Mọ̀ǹgàríbà; kí ó jókòó síbẹ̀ kà á, kí ó sì dá a padà kí a tó pe ìrun.